Nígbà Tí À Ń Gun Alùpùpù Ara Wa Lọ Sílé

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn ná. Gbogbo rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́nu géètì yẹn náà, kí ẹni tó ni ín lọ pa á. Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀, ẹ sì ń jẹ́ kí alùpùpù máa bú ramúramù lé mi lórí. Ta ni yóò gbọ́ ohun tí arúgbó ń wí? Ẹ jókòó. Ìjókòó ò ní kí ẹ má dé Ẹ̀pẹ́ lónìí. Ìtòìkín ò ní sá kúrò lójú ọ̀nà.

Fẹ́mi ọmọ ọmọ mi ló ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbéra. Ó ní, "Gíráńpà, ẹ sọ fún wọn bí ẹ ṣe máa ń ṣe rálì láyé tiyín, bí ẹ ṣe ń yan ọ̀rẹ́ níbẹ̀." Ó rò pé ìtàn dídùn ni. Ó fẹ́ kí ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí ẹ fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀, kí ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ sì máa lọ. Èmi náà ì bá fẹ́ kó dùn, àmọ́ inú mi ò dùn, mi ò sì ní bu ṣúgà sí i nítorí yín. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo tó kù nínú gbogbo àwọn tí a jọ gun alùpùpù wà ní Ẹ̀pẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnì kan gbé mi débẹ̀, kí n fojú kàn án kí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì tó kú. Ọ̀rọ̀ tí mo ní nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn rẹ̀, òun ló ń tọ̀ lẹ́yìn.

Láyé ìgbà tí mò ń wí yìí, alùpùpù ò wọ́pọ̀. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba. Tí ẹ bá wo àwọn tó ní alùpùpù ní àdúgbò wa, tíṣà ni, akọ̀wé kóòtù ni, àwọn tó ń lọ ra ẹja àti kòkó lóko ni. Ẹni tó bá ti ní in, ó ti kúrò lọ́mọdé nìyẹn. Ohùn rẹ̀ la fi ń mọ ẹni tó ń bọ̀. Ti akọ̀wé kóòtù máa ń wúkọ́ bí ẹni tí gààrí há sí lọ́fun. Ti tíṣà àgbà á rọra máa hó bí ìkòkò ẹ̀kọ. Tèmi máa ń yìn bí ìbọn kó tó kú, ìyàwó mi á sì ti gbé omi ẹ̀bà kaná kí n tó yọ ní kọ̀rọ̀. Lónìí, tí alùpùpù bá dún lẹ́nu ọ̀nà mi, àyà mi ló kọ́kọ́ ń já. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn ná kí n tó béèrè pé ta nìyẹn.

Wolé-wolé ni mí. Ẹ̀ ń wo ojú ara yín. Ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìjọba ló gbà wá síṣẹ́ pé ká máa wọ ilé kiri, ká yọjú sínú àmù bóyá tanwíjí ń jó nínú rẹ̀, ká wo gọ́tà, ká wo ṣáláńgá, kí a sì mú ẹni tí ilé rẹ̀ bá dọ̀tí. Kákí ni mò ń wọ̀, bàtà mi a sì máa dán. Tí wọ́n bá gbọ́ alùpùpù mi lókèèrè, àwọn obìnrin á ti máa da omi àmù nù, àwọn ọkùnrin á ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Iṣẹ́ tó dáa ni o. Ẹni tó bá ní kò dáa, kó lọ wo gọ́tà Ìkòròdú báyìí kó wá bá mi sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹni tí gbogbo ìlú ń sá fún, ta ni yóò bá a ṣọ̀rẹ́? Mo lè ti òwúrọ̀ wọlé títí di ọ̀sán láìsí ẹni tó máa ní kí n jókòó, ká má tíì sọ pé kó fún mi lómi mu. Kí ni wọn ì bá tilẹ̀ fún mi? Wọ́n ti dà á nù.

Ìdí nìyẹn tí Ọjọ́ Ajé Àjíǹde fi jẹ́ ọjọ́ tèmi. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo oní-alùpùpù Ìkòròdú, Mùsùlùmí òun Kìrìsìtẹ́nì, á kóra wọn jọ ní kùtùkùtù, a ó sì gba ọ̀nà Ìtòìkín lọ sí Èjìnrìn. Àwọn ará Agbówà á já lù wá lọ́nà. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ á gba ọ̀dọ̀ tiwọn wá. Ìpàdé lásán là ń pè é, ẹ̀yin lẹ̀ ń pè é ní rálì. Èjìnrìn la yàn nítorí pé kì í ṣe tiwa, kì í sì í ṣe ti Ẹ̀pẹ́, kò sẹ́ni tó lè fi ìlú rẹ̀ yan ẹnì kejì jẹ. Ọjà ibẹ̀ ti ń rọ nígbà náà, kò dà bíi ti ayé àwọn bàbá wa mọ́, àmọ́ àwọn igi ńlá ṣì dúró, ọkọ̀ ojú omi ṣì ń gúnlẹ̀ ní èbúté, afẹ́fẹ́ ọ̀sà a sì máa fẹ́ òógùn ojú wa gbẹ. Ìró àwọn ará Ẹ̀pẹ́ la ó kọ́kọ́ gbọ́, ká tó rí eruku wọn, ká tó wá rí eyín tí wọ́n ń yọ bọ̀. Ara mi ṣì máa ń dìde tí mo bá ń sọ ọ́.

Ọdún kan, ará Agbówà kan di òbúkọ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀ wá, ó fẹ́ fi ṣe gbogbo wa lálejò. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, òbúkọ fò, alùpùpù ṣubú, okùn sì lọ́ mọ́ ọkùnrin yìí lọ́wọ́. Òbúkọ wọ́ ọ gba àárín ọjà kọjá, wọ́n da àwo ẹja ìyá kan nù. Ìyá yẹn gbé síbí ìdinja dání, ó ń lé àwọn méjèèjì, kò sì béèrè èwo ló jẹ̀bi. A rẹ́rìn-ín débi tí akọ̀wé kóòtù fi jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Ìyá náà ló pàpà se òbúkọ yẹn fún wa jẹ.

Nígbà tí a bá jẹun tán ni ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Wọ́n á gbé igbá kan síta. Ọdún yìí, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ á ju kọ́kọ́rọ́ alùpùpù wọn sínú rẹ̀, àwa á máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láìwò ó. Tó bá di ọdún kejì, àwa la ó jù, àwọn á mú. Kọ́kọ́rọ́ ẹni tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, òun ni o máa gbé tìrẹ fún. Alùpùpù rẹ̀ lo máa gùn lọ sílé lọ́jọ́ náà, tìrẹ ni òun náà máa gùn lọ sílé rẹ̀. Tó bá di Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú yín gbọ́dọ̀ gun ti ẹnì kejì lọ bá a nílé, kó jẹun níbẹ̀, kó sùn níbẹ̀, kí ìyá onílé mọ orúkọ rẹ̀, kó tó gba tirẹ̀ padà. Bí a ṣe ń yan ọ̀rẹ́ nìyẹn. A kì í bi ara wa pé kí ni o máa ń jẹ, kí ni o fẹ́ràn. O ti gun ẹsẹ̀ rẹ̀ délé. Kí lo tún fẹ́ mọ̀?

Kí lo wí, ìwọ tó wọ ìbọ̀wọ́ pupa yìí? Sọ ọ́ sókè.

"Mo ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí? Ẹ kàn máa gbé báíìkì yín fún un?"

A ó gbé e fún un.

"Tó bá wá gbé e sá lọ ńkọ́?"

Jẹ́ kí n débẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò níí sá lọ, ìwọ lò ń sáré.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ igbá, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi òwú àwọ̀n so ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọkùnrin kúkúrú kan fò jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń rín in. Ó ní, "Ẹ gbà mí o, wolé-wolé ló mú mi!" Múfù nìyẹn. Ẹja ló ń rà ní èbúté kiri, tó ń gbé wọ ìlú lọ tà. Kò sá fún mi. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun ti dọ̀tí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, kí n kúkú mú òun kíá ká lè ráyè ṣọ̀rẹ́. Ní gbogbo Ìkòròdú nígbà náà, kò sí ẹni tó bá mi ṣeré bẹ́ẹ̀ rí.

Àmọ́ alùpùpù rẹ̀! A kì í ṣe ẹbọ́lọ́ kó má rùn ìgbẹ́, a kì í sì í ṣe alùpùpù ẹlẹ́ja kó má rùn ẹja. Ìpẹ́ ẹja há sí abẹ́ ìjókòó rẹ̀, ẹrẹ̀ ọ̀sà dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn eṣinṣin ló sìn mí délé. Ìwà mi kọ́ ni kí n wo ìdọ̀tí níran. Nígbà tó ku ọ̀la tí mo máa dá a padà, mo gbé e síta, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ abẹ́ rẹ̀, mo fi òróró pa á lára, ó ń dán bí ojú ìyàwó. Mo ní inú Múfù á dùn. Ṣé mo gbé e sínú ọkọ̀? Rárá o, mo rọra gùn ún, mo ń yẹra fún ọ̀gbàrá kó má tún dọ̀tí.

Mo dé Ẹ̀pẹ́. Ìyá Múfù wà lójúde, ìyá àgbà tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń sá ẹja. Ó wo alùpùpù, ó wò mí, ó sì kó ẹja rẹ̀ wọlé. Kò dáhùn ìkíni mi. Múfù jáde, ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Wọ́n fún mi ní ìjókòó, wọn ò gbé oúnjẹ wá. Mo jókòó títí. Nígbà tó ṣe, mo ní, "Múfù, kí ni mo ṣe?"

Ìyá rẹ̀ ló dá mi lóhùn láti inú ilé. Ó ní, "Ẹni tó fọ erùpẹ̀ ilé ẹ̀ kúrò kó tó dé ilé wa, kò fẹ́ ká mọ ọ̀nà ilé ẹ̀ ni."

Ẹ gbọ́ mi? Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ nígbà náà, erùpẹ̀ tó bá wà lára táyà ni wọ́n fi ń mọ ibi tí èèyàn ti ń bọ̀. Erùpẹ̀ Ìkòròdú pupa, tọ̀dọ̀ wọn lápá ọ̀sà dúdú. Tí alùpùpù ọmọ wọn bá padà dé pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa, wọ́n á mọ̀ pé ó ní ilé kan tó lè wọ̀ ní Ìkòròdú. Èmi ti fọ ilé mi dànù. Wolé-wolé ọlọ́gbọ́n, tó mọ tanwíjí inú àmù, kò mọ èyí. Ojú tì mí débi tí mo dìde pé kí n máa lọ.

Múfù ló fà mí lọ́wọ́. Ó gbé alùpùpù náà, ó ní kí n gun ẹ̀yìn. A tún gba ọ̀nà gbogbo padà di ẹ̀yìn Ìtòìkín níbi tí ilẹ̀ ti pupa, ọkùnrin yìí sì wọ inú ọ̀gbàrá lọ tààrà, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹrẹ̀ ń ta sí kákí mi, ó ń ta sí mi lẹ́nu. Ó ní, "Wolé-wolé, ẹ wá mú mi o! Mo dọ̀tí!" A padà dé Ẹ̀pẹ́ bí ẹni tó lọ mọ ilé. Ìyá rẹ̀ yọjú, ó wo àwa méjèèjì, ó ní, "Ẹ̀hẹ́n. Ọ̀rẹ́ ẹ ti wá dé báyìí." Ẹja tútù tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì jẹ irú ẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà, Iléyá kì í kọjá kí ẹsẹ̀ àgbò má ti Ẹ̀pẹ́ dé ilé mi. Kérésìmesì kì í kọjá kí ìrẹsì má ti ilé mi dé Ẹ̀pẹ́. Ìyàwó mi a sì máa di ọ̀jọ̀jọ̀ fún mi mú lọ, nítorí Múfù lè ta ilé nítorí ọ̀jọ̀jọ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, mi ò tíì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni kọjá Òdògúnyàn tí mo fi gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń dún lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ni. Wọ́n kún ojúde wa, gbogbo wọn kún fún eruku, olúkúlùkù ló di ẹja mọ́ ẹ̀yìn. Àwọn aládùúgbò tó ń sá fún wolé-wolé wá rí i pé èmi náà léèyàn. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kìtìkìtì, iyèkan kàtàkàtà, pé ọjọ́ tí nǹkan bá ṣe ọ̀rẹ́, iyèkan ni yóò kù. Èmi ò gbà. Àwọn iyèkan mi wà nínú ilé lọ́jọ́ náà, aṣọ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni wọ́n ń pín. Múfù ló bá mi gbẹ́ ilẹ̀.

Ìwọ oníbọ̀wọ́ pupa, mo ti dé ibi tí o ń sáré lọ. Ó gbé e sá lọ. Ará Ìkòròdú ni, tiwa ni, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó mú kọ́kọ́rọ́ aránṣọ kan ní Ẹ̀pẹ́, ó gbé ògbólógbòó tirẹ̀ tó kú sọ́nà fún un, ó gun tuntun ti aránṣọ náà lọ, Ọjọ́ Àìkú dé, kò lọ dá a padà. A lọ sílé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ní òun náà ń wá a. A wá òmíràn fún aránṣọ yẹn. Ó gbà á, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, kò sì wá sí Èjìnrìn mọ́ láéláé. Nígbà tó tún kan àwa láti mú, igbá jáde, kọ́kọ́rọ́ kún inú rẹ̀, inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mo mú ọ̀kan. Mo gbé tèmi fún ẹni tó ni ín, mo lọ síbi alùpùpù rẹ̀, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kò wọlé. Kọ́kọ́rọ́ àpótí ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ju kọ́kọ́rọ́ àpótí sínú igbá, kí wọ́n lè sọ pé àwọn jù ú. Ẹni tó jù ú ń rẹ́rìn-ín sí mi. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé a ti kú.

Ohun tó kù, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ebi dé, ọ̀kadà dé. Alùpùpù tó jẹ́ iyì di ohun tí tíṣà ń fi ń gbé èrò kó lè rí jẹ. Àwọn jàǹdùkú bẹ̀rẹ̀ sí í já a gbà lọ́wọ́ èèyàn ní àárín igbó. Ọ̀nà bàjẹ́, kòtò inú rẹ̀ gba odindi màlúù. Ìjọba ní kí ọ̀kadà má rìn níhìn-ín, kó má rìn lọ́hùn-ún. Akọ̀wé kóòtù kú, tíṣà àgbà kú, ará Agbówà olóbùúkọ kú. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, mo mọ̀. Àmọ́ wọ́n sọ fún wa pé eré ló máa tán, wọn ò sọ pé a ó máa fojú ara wa rí i bó ṣe ń tán. Ó ku èmi àti Múfù.

Ẹ̀yin ń ṣe rálì. Mo máa ń wò yín. Jákẹ́ẹ̀tì kan náà, àṣíborí tó bo ojú bí egúngún, ẹ óò sáré dé Ẹ̀pẹ́, ẹ óò jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ óò ya fọ́tò, olúkúlùkù á gun tirẹ̀ padà wálé, ẹ ó sì ti fọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo bi Fẹ́mi léèrè nígbà kan pé níbo ni ilé èyí tó máa ń wà lápá ọ̀tún rẹ̀ nínú fọ́tò. Kò mọ̀. Ó ní, "Gíráńpà, a wà ní gúrúùpù kan náà lórí fóònù." Mo ní tí ìyá rẹ̀ bá kú ńkọ́? Ó ní àwọn á fi àwòrán àbẹ́là síbẹ̀. Mi ò bú yín. Ohun tí ayé bá fún yín lẹ̀ ń ṣe. Kí ẹ má kàn pè é ní ọ̀rẹ́ lójú mi.

Èmi àti Múfù ń fi fóònù kí ara wa. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ti kírun tán, á pè mí: "Wolé-wolé, ìgbà wo lẹ̀ ń bọ̀ wá mú mi?" Mo ní mò ń bọ̀. Mo sọ fún bàbá Fẹ́mi pé kó gbé mi lọ. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kó di ìparí oṣù." Ìparí oṣù dé, ó ní iṣẹ́ wà. Òmíràn dé, ó ní ọ̀nà ò dáa, eegun ẹ̀yìn mi ò ní lè gbà á. Ọmọ mi obìnrin ní kí n máa fi fóònù rí ojú rẹ̀, pé ọ̀kan náà ni. Mo ní ṣé ìwọ náà máa ń fi fóònù jẹun? Ó bínú. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la ni wọ́n ń fi mí ṣe.

Mo wá ní, Fẹ́mi ń gba Ẹ̀pẹ́ kọjá lóṣooṣù, kò burú. Mo ní kí wọ́n din ọ̀jọ̀jọ̀, mo dì í fún un, mo júwe ilé Múfù fún un, kò jìnnà sí títì rárá. Mo ní, "Yà, dọ̀bálẹ̀ fún un, sọ pé èmi ni mo rán ọ." Ìrọ̀lẹ́ dé, ó gbé ọ̀jọ̀jọ̀ mi padà wá, ó ti tutù, ó ti le. Kí lo sọ fún mi, Fẹ́mi? Má wolẹ̀. Ó ní, "Gíráńpà, a kì í yà lọ́nà. A tò ni. Tí ẹnì kan bá yà, gbogbo ìlà á dàrú." Mo jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ náà fúnra mi. Láìpẹ́ sí i, ìpè ọjọ́ Jímọ̀ dáwọ́ dúró. Tí mo bá pè, ọmọ rẹ̀ á ní Bàbá ń sùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jí, mo wọ bàtà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo lọ wọ mọ́tò Ẹ̀pẹ́ ní gáréèjì. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sọ fún ara yín pé Bàbá sọnù lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ ni mo wà. Ẹ̀yìn mi dùn mí, òótọ́ ni, ó ń dùn mí títí di báyìí. Mo dé ilé Múfù ní ọ̀sán. Sàkírù ọmọ rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ta lẹ̀ ń wá?"

Mo ní, "Ọ̀rẹ́ bàbá ẹ ni mí, láti Ìkòròdú. Wolé-wolé."

Ó dọ̀bálẹ̀. Ó mú mi wọlé, àmọ́ ó dá mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú o, sà. Bàbá kì í fi bẹ́ẹ̀ dá èèyàn mọ̀ mọ́. Èmi gan-an, ìgbà míì wọ́n á máa fi orúkọ àbúrò wọn pè mí."

Mo ní láti ìgbà wo?

Ó ní, "Ó ti tó ọdún kan. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń retí. Àwọn alùpùpù ńlá kan wà tó máa ń kọjá lójú títì lóṣooṣù. Tí Bàbá bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á dìde, wọ́n á ní kí n bá àwọn mú fìlà wá, pé ẹ ti dé. Wọ́n á dúró síta títí tí gbogbo rẹ̀ á fi kọjá lọ tán. Nígbà tó yá, wọn ò dìde mọ́."

Fẹ́mi, mo ní má wolẹ̀. Ẹ̀yin yòókù náà, ẹ gbójú sókè.

Múfù wà lórí àga létí fèrèsé, ó ti gbẹ, àmọ́ ojú rẹ̀ mọ́. Mo kí i. Ó dá mi lóhùn dáadáa, ó ní kí n jókòó, ó bi mí níbo ni mo ti wá. Mo ní Ìkòròdú. Ara rẹ̀ yá gágá.

"Mo lọ́rẹ̀ẹ́ kan níbẹ̀ o. Wolé-wolé ni. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n."

"Ó ti gbàgbé mi. Nígbà tí mo lókun, ilé ẹ̀ nilé mi. Ìgbà tí mi ò lè rìn mọ́, kò wá mọ́. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ó fẹ́ wá. Kò rẹ́ni gbé e wá ni."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo elékèé. "Kò rẹ́ni gbé e? Kò bímọ ni?"

"Ó bímọ."

"Kò ní ọmọ ọmọ?"

"Ó ní."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó fi gbogbo ara rín yẹn. Ó ní, "Ẹ má parọ́ bò ó, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bímọ, tí ọmọ ẹ̀ tún bímọ, kò lè sọ pé òun ò rẹ́ni gbé òun láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. Kò fẹ́ràn mi ni."

Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Kí n ní èmi rèé? Mo sọ ọ́. Mo pe orúkọ mi fún un, ó kàn ń mi orí, ó ní orúkọ tó dáa ni, ó sì padà sórí ẹjọ́ tó ń rò. Ó fẹ́ kí n dá sí i. Mo bá ní, "Òótọ́ lẹ sọ. Èèyàn burúkú ni." Inú rẹ̀ dùn gan-an pé mo gbè sẹ́yìn òun. Ó fa àga mi mọ́ra, ó ní kí Sàkírù gbé ẹja wá fún àlejò, àwa méjèèjì sì jókòó síbẹ̀, a ń jẹ, a jọ ń bú mi, títí ó fi tó àkókò tí mo máa lọ wọ mọ́tò.